Páálí Kọ̀ǹpútà Tí A Pè Ní Ẹrù Ìdána

Abà Ajọ́rìn,
Lẹ́yìn Àkànràn,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì.

Akọ́wé mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá yín gbé ní yàrá yín ní Ajíbọ́dè níbẹ̀, àti lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, àti lórí ọ̀kadà tí ẹ ń gùn. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń jẹun lásìkò? Ṣé omi ṣì wà nínú kànga onílé yín? Tí ẹ bá béèrè wa, a wà, a dúpẹ́, ẹ̀gẹ́ ti ta dáadáa, ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bímọ, òjò nìkan ni kò tíì rọ̀ tó bí a ṣe fẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí kò dára nípa yín.

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mò ń pè yín ní Akọ́wé. Ẹ ti wà nínú ilé yìí kí wọ́n tó bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ wọlé, n kò sì lè máa la orúkọ yín mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pe ọmọ tí mo gbé pọ̀n. Ìyá Fàdìlàt, ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ní kí n sọ yín ní orúkọ tó bá wù mí. Mo wá wo fọ́tò yín tó wà lára ògiri, èyí tí bírò wà nínú àpò ẹ̀wù yín, mo ní Akọ́wé. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ fún mi kí n wá òmíràn. Ìwé márùn-ún péré ni mo kà, nítorí náà ẹ fi ojú fo ibi tí bírò mi bá ti ṣìnà. Ǹ bá pè yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ ohùn ènìyàn nínú etí mi báyìí, ẹnu mi á wúwo, màá wá máa ṣe hẹn, hẹn, bí ẹni tí eyín ń dùn. Lórí ìwé, ojú kì í tì mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọkàn mi ò balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ jáde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì èmi àti bàbá yín, ẹ kò fẹsẹ̀ kan ilé yìí. Àwọn ará abà ní kí n tó dé, ẹ máa ń wá, ẹ ó jókòó ti bàbá yín lábẹ́ igi ọsàn, ẹ̀yin méjèèjì kò ní sọ nǹkan kan, ẹ ó kàn jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní báyìí páálí yín nìkan ló ń dé. Ní ọ̀la, Roheem dẹ́rẹ́bà yóò wá kó gbogbo páálí náà lọ bá yín gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ránṣẹ́, ohun tó sì ń dà mí láàmú ni pé tí wọ́n bá ti kúrò nílé, n kò mọ ohun tí yóò tún gbé yín wá mọ́. Mo ti dìde lórí ìwé yìí lọ wo ẹnu ọ̀nà, mo tún padà jókòó, n kò mọ ohun tí mo lọ wò.

Nǹkan kan tún wà. N kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún yín nípa ilé yìí, ṣùgbọ́n yàrá ìyá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, n kò sùn nínú rẹ̀ rí. Bàbá yín ní kí n kó ẹrù mi sí i nítorí pé fèrèsé rẹ̀ gba atẹ́gùn. Mo ní rárá, yàrá ẹ̀yìn tó mi. Inú yàrá ìyá yín ni páálí yín wà. Mò ń gbálẹ̀ ibẹ̀, mò ń na aṣọ lé páálí lórí, mo sì ń ti ilẹ̀kùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ páálí. Nígbà tí àkọ́kọ́ dé, Roheem ní ẹ ní kí a gbé e síbi gbígbẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ẹ ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òmíràn dé. Òmíràn tún dé. Akọ́wé mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó, tó ń fi páálí tuntun ránṣẹ́ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó tún ní kí a má tú u, kí ni ẹ fẹ́ kí á rò ní Abà Ajọ́rìn níbí? Ìyá Fàdìlàt ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ lé páálí, wọ́n ní ẹrù ìdána rèé, wọ́n sì ṣàdúà sí i lórí. Wọ́n wá da ìbéèrè bo Roheem pé ta ni ọmọ náà. Ẹ mọ Roheem, kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ó ní òun rí yín lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọmọbìnrin onígíláàsì ojú kan tí ẹ jọ ń jẹ búrẹ́dì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Fàdìlàt ti mọ̀ pé tíṣà ni bàbá rẹ̀, pé ọmọlúàbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n pé wọ́n máa ń bínú.

Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá yín. Wọ́n ní ṣé nítorí pé àwọn gbéyàwó ni ọmọ àwọn fi fẹ́ gbéyàwó lẹ́yìn àwọn. Ìdí tí wọn ò fi pè yín mọ́ nìyẹn, ẹ má rò pé ìbínú ni. Wọ́n ń retí kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á gbé fóònù sórí itan, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó gbé omi kaná, nígbà tó bá yá wọ́n á dá a padà sápò. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé kí n gbà á kí n tẹ orúkọ yín, àmọ́ ìyàwó tuntun ni mí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Ìyá Fàdìlàt ní àwọn ò lè máa wò ó mọ́, kí a tú ẹrù náà wò kí a mọ̀ bóyá ó bo ìtìjú, kí wọ́n má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìyàwó. Bàbá yín jókòó sórí àga tuntun tó ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù, ó ń dún wárawàra lábẹ́ wọn. Páálí tí a kọ́kọ́ ṣí, fáànù ló wà nínú rẹ̀, fáànù mẹ́ta tí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. A wo ara wa. Ìyá Fàdìlàt ní ta ni ìyẹn fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí? Wọ́n ronú títí, wọ́n wá patẹ́wọ́, wọ́n ní ọmọ tuntun ni, oyún ti wà nílẹ̀! A ṣí èkejì, àpótí onírin kan ni, gíláàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kan. Wọ́n ní kọ́bọ́ọ̀dù abọ́ nìyí, ṣùgbọ́n ta ló ṣe kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní pẹpẹ nínú? A ṣí ẹ̀kẹta, wáyà ló tú jáde, ó gùn, ó lọ́ pọ̀ bí ìfun àgbò Iléyá. Kò sí Kùránì, kò sí ẹní ìkírun, kò sí agboòrùn, kò sí aṣọ kan ṣoṣo. Bàbá yín dìde, wọ́n ní ṣé fáànù mẹ́ta yìí ni àwọn yóò gbé lọ síwájú àna, kí àwọn sì ní ọmọ àwọn ló wá tọrọ ọmọ?

Mo ti rí irú wáyà yẹn rí, ní ṣọ́ọ̀bù Olúyínká, ọmọ kátíkíìsì tó ń ya fọ́tò tó sì ń tẹ̀wé lẹ́bàá ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Àkànràn. Mo sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Mo tún un sọ, mo sì gbójú sílẹ̀. Ìyá Fàdìlàt ní ìyàwó, ṣé ìwọ lo sọ̀rọ̀?

Bí Olúyínká ṣe dé lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ẹrù ìdána ni, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kọ̀ǹpútà ni, pé ẹ fẹ́ fúnra yín tò ó, pé ẹ ti ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ní ẹni tó ra àwọn nǹkan yìí mọ ohun tó ń ṣe, nítorí gbogbo wọn bára wọn mu, àwọn mìíràn máa ń ra ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò lè jókòó lórí pátákó tí wọ́n rà láti tò ó lé. Bàbá yín yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sára ògiri. Inú Ìyá Fàdìlàt nìkan ni kò dùn, wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ fún ìkómọ.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu Olúyínká ni mo fẹ́ kọ sí yín, nítorí ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ ń tò ó máa ń ṣe àṣìṣe, òun náà ṣe é. Ó ní kí ẹ má tò ó lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì, orí tábìlì pákó ni, kí ẹ sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó ní iná kékeré kan máa ń wà lára ènìyàn, èyí tó máa ń ta wá nígbà ọyẹ́ tí a bá ń bọ́ ẹ̀wù, pé iná yẹn lè pa kọ̀ǹpútà láìdún. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí náà, ibi tí wọn ò kùn lọ́dà. Ó yé mi dáadáa. Bí wọ́n ṣe fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà yín náà nìyẹn, kí ohun tí mo bá gbé bọ̀ lójú títì lè dúró síta. Ẹ má wọlé tọ̀ wọ́n láìfọ ẹsẹ̀.

Ọpọlọ rẹ̀ kò tóbi ju bisikíìtì kan lọ. Bàbá yín ní kí wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ àwọn pẹ̀lú ike rẹ̀, wọn ò sì mí títí wọ́n fi gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Olúyínká ní kí ẹ má fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ rárá. Igun kan wà tí wọ́n ya àmì bí orí ọfà sí, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí igun tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lórí pátákó ńlá, fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó. Ó ní tí kò bá jókòó, kì í ṣe agbára ló kù, ẹ kò tíì kọjú rẹ̀ síbi tó yẹ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi títí, ó dà bí ẹni pé èmi ló ń bá wí nínú ilé yìí.

Ọ̀rá kan wà nínú abẹ́rẹ́ ike, ó funfun bí òrí. Mo ní ṣé awọ rẹ̀ máa ń gbẹ ni? Ó ní rárá, òun ló ń gba ooru lórí ọpọlọ, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan ti tó. Lẹ́yìn náà ló wá ní lábẹ́ irin tí yóò jókòó lé ọpọlọ lórí, náílọ́ọ̀nù kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bó kúrò. Ìyá Fàdìlàt ní kí ló dé tí ènìyàn yóò fi bó náílọ́ọ̀nù kúrò lára ohun tuntun? Ẹ mọ ilé yìí, Akọ́wé mi. Rìmóòtù tẹlifíṣàn ṣì wà nínú tirẹ̀, ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù la ti ń tẹ̀ ẹ́. Olúyínká ní bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn, òun kò bó o nígbà àkọ́kọ́ kí ó má baà dọ̀tí, kọ̀ǹpútà náà sì gbóná títí ó fi kú mọ́ òun lọ́wọ́. Bàbá yín ní kí n kọ èyí ní lẹ́tà ńlá: Ẹ BÓ NÁÍLỌ́Ọ̀NÙ.

Pẹlẹbẹ méjì kan wà tó rí bí ìyarí, ibẹ̀ ló ń rántí nǹkan sí. Ẹ tẹ̀ wọ́n wọlé lápá ọ̀tún àti lápá òsì títí ẹ ó fi gbọ́ kọ́. Ó ní ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé wọ́n á kán, wọn ò ní tẹ̀ wọ́n dé ìdí. Ó ní tí iná bá lọ, gbogbo ohun tó ń rántí ló máa ń gbàgbé. Àánú rẹ̀ ṣe mí, pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ yìí. Ó ní òmíràn wà tí kì í gbàgbé, pé kò sí nínú páálí, bóyá ó ti wà lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Mo wá ní kí ló dé tí wọn ò kàn ra èyí tí kì í gbàgbé nìkan? Ó họ orí, ó ní òun ń bọ̀ wá dáhùn. Kò tíì dáhùn.

Síkúrúù, ẹ kó wọn sínú abọ́. Tí ẹ bá ń de pátákó ńlá mọ́ inú àpótí, ẹ má de ọ̀kan pinpin kí ẹ tó mú ìkejì, ẹ de gbogbo wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ná, kí ẹ tó wá máa fún wọn láti igun dé igun. Roheem ní bí àwọn ṣe ń de táyà náà nìyẹn. Roheem wà níbẹ̀, ẹ má bi mí ohun tó wá ṣe. Wáyà kékeré tó ń gbé iná fún ọpọlọ, lókè pátákó, òun ni ènìyàn máa ń gbàgbé jù, ẹ ó ti so èyí tó tóbi, ẹ ó rò pé ó tán. Ẹ dán an wò kí ẹ tó ti gíláàsì. Tí kò bá tàn, ẹ má sunkún, ẹ kọ́kọ́ wo bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí Olúyínká ti gbààwẹ̀ lé tirẹ̀ lórí rí, bọ́tìnnì ni kò tẹ̀. Ẹ má sì so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ onílé yín tààrà. Ní ti àwọn fáànù, ó ní nítorí pé ó ń ronú ni ara rẹ̀ fi máa ń gbóná. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá ń ronú, ẹ ṣí fèrèsé.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, bàbá yín bi í pé ta ni yóò bá yín di apá kejì mú. Olúyínká ní kò sí, ènìyàn kan lè dá a ṣe, pé àwọn kan wà nínú fóònù tó ń fi fídíò kọ́ni. Ó fi ọ̀kan hàn wá, òyìnbó kan tó ń rẹ́rìn-ín. Mo kí i, kò dáhùn. Bàbá yín wò ó pẹ́, wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè na ọwọ́ jáde bá ọmọ àwọn mú nǹkan kan. Wọ́n jáde lọ sóko.

Ìyá Fàdìlàt wá fà mí sẹ́yìn ilé lónìí. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ kí ẹ wálé, kí n yọ pẹlẹbẹ bí ìyarí méjèèjì yẹn kí n dì wọ́n mọ́ ìdí ìró mi, pé ẹ ó fi ẹsẹ̀ ara yín wá gbà wọ́n. Mo mú wọn lọ́wọ́. Wọn ò wúwo rárá. Ṣùgbọ́n Olúyínká ti ní tí àwọn yẹn kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í tàn, á kàn máa ké píì, píì. Mo wá rò ó pé ẹ ó jókòó nínú yàrá yẹn, ẹ̀yin nìkan, á máa ké, ẹ ó sì rò pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Mo dá wọn padà sínú páálí. Gbogbo rẹ̀ pé. N kò sì ní ohun kan lọ́wọ́ tí mo lè fi fà yín wálé.

Ọjọ́ ti mọ́ báyìí, Sátidé ni. Mo tún mú bírò nítorí nǹkan ti yí padà. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo rí bàbá yín tí wọ́n ti wọ aṣọ Jímọ̀, fìlà wà lórí wọn, tí wọ́n ń tún okùn páálí dì. Mo ní ṣé wọ́n ń lọ síbì kan ni? Wọ́n ní ọ̀nà Àkànràn kò dára, Roheem sì máa ń wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó yẹ kí ẹnì kan gbé páálí ọpọlọ sórí itan. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ sin ẹrù dé ọ̀dọ̀ yín ni, àwọn ò ní jókòó. Mo sáré lọ kó ọsàn àti gàrí sínú àpò, mo sì fa Roheem sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní tó bá ti já wọn sílẹ̀ ní Ajíbọ́dè, kí ó gba Mọníyà lọ gbé èrò tirẹ̀, kí n má gbọ́ pé ó padà wá gbé wọn kí ìrun alásárì tó kọjá. Ó ní Ìyàwó, ẹ̀yin náà lè sọ̀rọ̀ báyìí! Ojú tì mí.

Bàbá yín ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, wọ́n rò pé owó ajílẹ̀ ni mò ń fi í tọrọ. Àwọn ló ní kí n tọrọ rẹ̀, mo sì ti tọrọ rẹ̀ báyìí, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe owó. Aṣọ tí ẹ bá rí láàárín àwọn páálí, ìró tí mo kó wá sílé ọkọ ni, mo fi há wọn kí wọ́n má baà gbára wọn. Ẹ bá mi kó wọn bọ̀ fúnra yín, aṣọ ìyàwó kì í ṣe ohun tí à ń fi rán dẹ́rẹ́bà. Èkejì ni pé tí wọ́n bá ní àwọn ń lọ, ẹ má gbà. Ẹ fún wọn ní tọ́ọ̀ṣì kí wọ́n máa tan iná sí i fún yín. Wọn ò ní sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ kàn máa sọ pé ẹ mú un sókè díẹ̀, ẹ mú un sísàlẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn ti tó wọn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohun tí ẹ fẹ́ tò yìí tò. Kí ó tàn, kí ó má gbóná, kí iná má ṣe lọ lé e lórí. Kí ìwé tí ẹ ń kà yé yín. Kí ẹ rí ẹni rere fẹ́ lọ́jọ́ tó bá yá, onígíláàsì tàbí aláìnígíláàsì, kí a sì gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Kí ojú ìyá yín má tì nínú ọ̀run nítorí yín, kí ojú tèmi náà má tì nílé ayé níbí. Àmín.

Ẹ ká ìwé yìí pọ̀, ó ti tó. Bí mo ṣe mọ bàbá yín, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣì dúró sí láti ìgbà tí ẹ ti ń kà á, wọn ò ní gbé páálí yẹn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni,
Zubaidah, ìyàwó ilé yín.